Ìdí Tí N Kò Fi Kúrò Létí Omi Àìgbẹ

Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn nínú yín, kó kọ́kọ́ fìdí balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Láti ìgbà tí ẹ ti wálé ọdún Iléyá yìí lẹ ti ń rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ìyá àgbà, ẹ ti dàgbà, ẹ má gòkè Àìgbẹ mọ́." Mo gbọ́. Etí mi ò tíì di. Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe ọkàn. Àgbà tó bá sì fi orúnkún rẹ̀ ṣe ọ̀gá, tó ní kó máa pàṣẹ ibi tí òun lè dé, orúnkún náà ni yóò sin ín.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n fẹnu mú yín débẹ̀ ná. Bí èèyàn bá jáde ní abúlé wa yìí, tó kẹ̀yìn sí ọ̀nà Tẹ̀dé, yóò gba àárín àwọn igi èmì kọjá, yóò la koríko bẹẹrẹ tó ga ju èèyàn lọ, lẹ́yìn náà ni àpáta yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó máa gùn ún, ẹ ó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ ó rò pé kò sí nǹkan kan lókè àfi oòrùn àti alángbá. Ìgbà tí ẹ bá wá yọrí báyìí, omi ni! Omi dúdú minimini tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí àpáta yí ká bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bu omi láti mu. Ọ̀gbẹlẹ̀ ìbáà mú títí kí ilẹ̀ Òkè-Ògùn là pẹ́rẹpẹ̀rẹ bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀, omi yẹn wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àìgbẹ.

Ìyá tó bí ìyá mi ló sọ bó ṣe débẹ̀ fún mi, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀. Ó ní nígbà ogun, obìnrin kan sá gun àpáta náà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, gbogbo odò ti gbẹ. Àwọn ọmọ ogun lé e bá, òùngbẹ ti gbẹ wọ́n débi pé ètè wọn ti bó. Olórí wọn ní, "Gbé omi yẹn wá, a ó dá ẹ̀mí rẹ sí. Ṣùgbọ́n o ó tẹ̀ lé wa, o ó máa pọnmi fún wa." Obìnrin náà bojú wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún wojú wọn. Ó ní, "Omi tí mo pọn fún ọmọ mi, ẹnu tó ní kí wọ́n sun ilé bàbá rẹ̀ kò ní mu ún." Ló bá gbé ìkòkò náà, ó là á mọ́ àpáta. Omi tó dà lọ́jọ́ náà kò dáwọ́ dúró. Ó ń dà, ó ń dà, títí ó fi tẹ́ rẹrẹ sí àárín obìnrin náà àti àwọn ọmọ ogun. Wọ́n dúró lódìkejì, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ó bu omi náà fún ọmọ rẹ̀ mu.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú yín. Ó dáa, rẹ́rìn-ín. Àáfà kékeré kan wàásù lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní ẹni tó bá ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń wá akẹgbẹ́ fún Ọlọ́run. Nígbà tí a jáde, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Àáfà, ta ló dá omi?" Ó ní Ọlọ́run ni. Mo ní, "Ó tán. Èmi kì í forí balẹ̀ fún omi. Oore tí a rí gbà ni mò ń ròyìn." Omi Àìgbẹ ni Lèmọ́mù àgbà tó kírun sí bàbá mi lára fi ń ṣe àlùwàlá ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ayé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àlùwàlá rẹ̀ bàjẹ́.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù la máa ń lọ pọnmi, nígbà tí mo wà lọ́mọge. Etí wa á ti débẹ̀ kí ojú tó débẹ̀. A ó gbọ́ awó tí ń ké nínú pápá bí ìgbà tí àwọn orogún ń jà, a ó gbọ́ àdàbà, a ó gbọ́ kọ̀nkọ̀ tó ń parí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ bọ̀. Bí a bá yọ báyìí, lékeléke á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á funfun lójú ọ̀run bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbà lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Òdòdó òṣíbàtà á ṣì di ẹnu, á máa dúró de oòrùn. Ọ̀nì kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Onílé. Yóò na ara sórí òkúta, yóò la ẹnu sílẹ̀, ẹyẹ kékeré á máa rìn kiri létí eyín rẹ̀ bí ẹni tó san owó ilé. A ó ní, "Onílé, a wá pọnmi o." Yóò rọra yọ́ wọmi, kò ní dún pó. N kò gbọ́ ọ rí pé ó ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò tó ti gun iná débẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kan omi náà. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹran wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin ń pè é ní èèwọ̀, ẹ ní àwọn ará àtijọ́ fi ń dẹ́rù ba èèyàn ni. Omi tí gbogbo abúlé ń mu nìyẹn! Èwo ni kò bọ́gbọ́n mu níbẹ̀? Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá pàápàá mọ̀ ọ́n. Wọ́n á dá màlúù dúró nísàlẹ̀, obìnrin wọn á fi igbá gòkè wá bu omi lọ fún wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń mú wàrà dání fún wa, àwa náà á ti di èlùbọ́ sílẹ̀ dè é. Kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, a ò sì gbọ́ Fúlàní, síbẹ̀ oòrùn á ti gòkè kí a tó kí ara wa tán.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìbá wù mí kí ẹ bá mi rí ni ọjọ́ ìpẹja. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn díẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Olórí ọdẹ á yìnbọn sókè, gbàù! Àwọn obìnrin á rọ́ wọmi pẹ̀lú ìgèrè, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú àwọ̀n, ẹrẹ̀ á mu wá dé itan. Ariwo ọjọ́ náà, wọ́n ń gbọ́ ọ ní oko tó jìnnà. Ìyá Sìkírù, ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, tó ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Àṣàkẹ́ là ń pè é nígbà yẹn. Lọ́dún kan, àrọ̀ ńlá kan fò sókè, ó bọ́ sínú ìró rẹ̀. Ọmọ yìí fi igbe ta: "Ó ti gbé mi o! Yéè, ó ti gbé mi!" Gbogbo wa rò pé Onílé ló gbé e. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sómi, àfi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nìkan. Òun ti sá gun àpáta. Ìgbà tí wọ́n fa Àṣàkẹ́ jáde ni àrọ̀ náà yọ bọ́rọ́ láti inú ìró, ó ń fi ìrù gbá ilẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Kò sì fẹ́ ọkùnrin yẹn mọ́. Ó ní ẹni tó sá fún àrọ̀, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé?

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ omi dé. N kò bú ẹ̀rọ o. Ọmọbìnrin tí kò mọ bí ìkòkò omi ṣe ń wọ èèyàn lọ́rùn, inú mi dùn fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ṣe dé ni ẹsẹ̀ dá lọ́nà Àìgbẹ. Koríko bo ọ̀nà. Olórí ọdẹ kú, ọmọ rẹ̀ lọ ń gun ọ̀kadà ní Ìgànná. Ọjọ́ ìpẹja di ohun tí à ń fi ẹnu sọ. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wá ń fi eyín ya omi inú ọ̀rá, wọ́n ń sọ ọ̀rá rẹ̀ nù sílẹ̀, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé omi wà lórí òkè. Ohun tí èèyàn kò bá bẹ̀ wò mọ́, kì í pẹ́ tí ẹlòmíràn á fi ní kò lẹ́ni tó ni ín.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí. Lọ́dún tó kọjá, bí ọyẹ́ ṣe ń wọlé, ọkùnrin kan wá bá Baálẹ̀ wa. Òkúta ló fẹ́ fọ́, wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀nà. Àpáta pọ̀ nílẹ̀ wa bí irun orí, ti Àìgbẹ ló wù ú, ó ní ó le dáadáa. Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ á ríṣẹ́ ṣe, ọ̀nà wa á dára. Gbogbo àwọn ọkùnrin ń mi orí bí alángbá. Mo nàwọ́ sókè. Mo ní, "Baálẹ̀, omi orí àpáta náà ńkọ́?"

Ó ní, "Omi wo, Ìyá? Ta ló ń mu ún?"

Ibẹ̀ la ti tú ká.

Ìdí ààrò ni mo wà lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀tù yin àpáta náà. Ilẹ̀ mì. Abọ́ já bọ́ lórí pẹpẹ. Mo sáré jáde. Ohun tí mo rí ni àwọn lékeléke, gbogbo wọn pátá, wọ́n fò kọjá lórí òrùlé mi, wọ́n forí lé ọ̀nà Ṣakí. Wọn ò tilẹ̀ yà. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Mo mú ẹní, mo mú kẹ́tùlù àlùwàlá mi, mo lọ bá Ìyá Sìkírù.

Mo ní, "Ṣé o lè gòkè?"

Ó ní, "N ò lè gòkè." Ó na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. "Ó yá, ká máa lọ."

Oòrùn ti wà láàárín orí kí a tó débẹ̀. Ojú mi rí nǹkan. Ètè àpáta tó mú omi dúró ti là, omi sì ń gba ibẹ̀ yọ́ jáde lọ, tín-ín-rín, bí itọ́ lẹ́nu arúgbó tó ń sùn. Ewé òṣíbàtà ti sùn lé ẹrẹ̀. N kò rí Onílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbẹ́ ihò tuntun sínú àpáta, wọ́n ń múra àtiyìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. A tẹ́ ẹní wa sórí àwọn ihò náà gan-an, a jókòó.

Ọkùnrin olókùúta náà wá bá wa. Ọmọlúàbí ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀, iṣẹ́ ni a fẹ́ ṣe."

Mo ní, "Ẹ máa ṣe é."

"Ìyá, iná ló máa jáde níbi tí ẹ jókòó sí yẹn."

Mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. "Ìyá Sìkírù, ṣé o gbọ́ pé iná máa jáde níbí?"

Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Mo gbọ́. Ọyẹ́ ló ń mú mi láti àárọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà kó tó mọ̀. Ó yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi fóònù pe Baálẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé, àwa náà sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tún wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ abúlé ń dúró nísàlẹ̀ wò wá bí ẹni ń wo ọ̀bọ. Ìyàwó Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n má sọ ara mi di ẹlẹ́yà. Mo ní kí wọ́n bá mi kí i.

Ẹni tí Baálẹ̀ wá pè ni Mùfútáù, ọmọ mi, bàbá tó bí ẹ̀yin wọ̀nyí. Ó wakọ̀ láti Ìbàdàn wá. Ó gòkè bá mi pẹ̀lú bàtà dúdú rẹ̀ àti ṣòkòtò funfun, òógùn bò ó, inú ń bí i.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ń dójú tì mí. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù pé ìyá mi ti ya wèrè."

Mo ní, "Kí lo wá sọ fún wọn?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mo ní ẹ ti dàgbà ni."

Mo ní, "Ọ̀kan náà ni ìwọ àti àwọn. Jókòó."

Ó ní òun ò jókòó. Mo ní kó dúró nígbà náà, ṣùgbọ́n kó mọ ilẹ̀ tó dúró lé. Mo wá sọ ohun tí n kò sọ fún un rí. Ẹ̀yin náà ò gbọ́ ọ rí. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n pa á mọ́, kí àwọn èèyàn má bàa máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí òkúta la ti bí ọmọ wa bí ọmọ alángbá. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀ nínú mi, ṣùgbọ́n kò sí omi nílé, mo gbé ìkòkò, mo gòkè. Etí omi yìí ni ìrọbí ti mú mi. Èmi àti Ìyá Sìkírù nìkan la wà níbẹ̀, òun náà ò tíì bímọ rí. Òun ló gbẹ̀bí mi. Omi Àìgbẹ ló fi wẹ̀ ẹ́. Kí ọyàn mi tó kan ọmọ náà lẹ́nu, omi yẹn ló kọ́kọ́ kàn án.

Ìyá Sìkírù ní, "O ń ké bí kọ̀nkọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ọ́ sílẹ̀."

Bàbá yín yíjú sí ibi tí omi ti ń jò. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dí ibi tó là náà. Omi gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ó fi ọwọ́ kejì kún un. Omi tún jáde. Ọkùnrin tó ti hu ewú lórí, ó lóṣòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó ń fi ọwọ́ lásán dá omi dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá, kò dúró."

Mo ní, "Ọwọ́ rẹ nìkan kọ́ la ní."

Ó gbéra, ó lọ bá Baálẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn, n kò sí níbẹ̀, n kò ní fi kún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ bá bàbá yín gun òkè náà wá. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ọkùnrin olókùúta náà, àgbà kì í tu itọ́ kó tún padà lá a. Bàbá yín ní òkúta ni wọ́n ṣèlérí, wọn ò ṣèlérí omi, àpáta ńlá kan sì wà lẹ́bàá títì tí ọkọ̀ lè dé láìṣe wàhálà. Baálẹ̀ ń wo omi náà. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni kò ti débẹ̀ mọ́. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́, ó ní, "Èmi náà bá wọn pẹja níbí rí."

Ìyá Sìkírù ní, "Baálẹ̀, ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àrọ̀?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn olókùúta ti kó ẹ̀rọ wọn lọ sí ẹ̀bá títì. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni tí mo gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, bí ẹnìkan bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ sọ fún un pé mo ní irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n àpáta tó ti là ti là. Omi ń lọ. Ẹ ò bá wa rí bí a ṣe ń tọ́jú ilẹ̀ ilé láyé ọjọ́un, kí sìmẹ́ǹtì tó dé. A ó gbẹ́ amọ̀ òkìtì ikán, a ó gún un kúnná. A ó se èèpo èso igi irú títí omi rẹ̀ á fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, a ó fi po amọ̀ náà. Àwọn obìnrin á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, á fi igi pẹlẹbẹ lù ú, pà-pà-pà, pà-pà-pà, wọ́n á máa kọrin sí ìyàwó ilé náà pé kó bu omi wá, òùngbẹ ń gbẹ àwọn. Bó bá gbẹ tán, á máa dán. Omi á dà sí i, á yọ̀ kúrò bí ìgbà tó dà sórí ewé kókò. Iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn, a sì ti pa á tì títí a fi rò pé ó ti kú.

Mo ní kí àwọn obìnrin bá mi gbẹ́ òkìtì ikán. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn kan gbé agbada jáde. Àwọn ìyàwó tó ṣì kéré, tí wọn ò gbá ilẹ̀ amọ̀ rí, ru amọ̀ lórí gòkè, wọ́n ń bú mi lábẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, mo gbọ́. Ìyá Sìkírù jókòó, ó ń na ọ̀pá rẹ̀ sí ibi tí wọn ò bá lù dáadáa. Bàbá yín ní òun á ra sìmẹ́ǹtì. Mo ní kó rà á wá. N kò bá sìmẹ́ǹtì jà, ẹni tí ilé ń jò lórí rẹ̀ kì í bi pákó pé ọmọ ta ni. A fi sìmẹ́ǹtì dí inú, a fi amọ̀ rẹ́ òde.

Òjò ti rọ̀ sí i báyìí. Omi ti ń padà gòkè díẹ̀díẹ̀, òṣíbàtà ti la ojú lápá kan. Lékeléke mélòó kan ti dé, wọ́n ń fura, wọn ò tíì bà dáadáa. Onílé, n kò rí i. Bóyá ó kú, bóyá ó ti bá odò lọ. N kò ní tàn yín pé gbogbo rẹ̀ ti padà sípò. Ibi tí a rẹ́ yẹn ṣì ń sun omi lápá ìsàlẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án láàárọ̀ àná, ó tutù. Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni yóò fọ́, pé làálàá lásán ni mò ń ṣe, pé omi tó bá fẹ́ lọ á lọ.

Ẹ bá mi sọ fún wọn pé òkìtì ikán kò tán nínú igbó. Bó bá jò, a ó tún un rẹ́. Bó bá tún jò, a ó tún un rẹ́.